Iyanrìn Ẹ̀yìnkùlé

Òtítọ́ ni mo fẹ́ kọ sílẹ̀ yìí, nítorí pé irọ́ ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ọmọ mi ti sùn. Bàbá rẹ̀ ti sùn. Kò sí ohun tí mo bù mọ́ ọn, kò sì sí ohun tí mo yọ níbẹ̀ kí ojú má baà tì mí. Ojú ti tì mí ná.

Aránṣọ ni mí. Yàrá iwájú ni ẹ̀rọ mi wà. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni mo bí, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Nígbà tó gba ipò kìíní ní kíláàsì, ó ní ẹja ni òun fẹ́ máa sìn. Bàbá rẹ̀ ra àpótí gíláàsì kan, a gbé e sórí tábìlì ní pálọ̀, èmi àti ọmọ sì lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin tó ń ta ẹja ọ̀sìn.

Ẹja kékeré kan tó ní irùngbọ̀n ni ọmọ mi mú. Lójú ẹsẹ̀ ló ti sọ ọ́ ní Bàbá Àgbà.

"Ìyá, ẹ gbọ́ o," ni ẹlẹ́ja wí fún mi. "Ilẹ̀ ni eléyìí ti ń jẹun. Irùngbọ̀n yẹn ló fi ń wá oúnjẹ kiri. Iyanrìn tó bá mú á gé e dànù. Ẹ bu iyanrìn sí àtẹ́lẹwọ́, kí ẹ fi ọwọ́ kejì ra á. Tó bá ń ta yín, ẹ má lò ó. Ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i. Tó bá ń hó, ẹ má lò ó. Kí ẹ wá fọ̀ ọ́ títí omi rẹ̀ á fi mọ́ bí omi mímu."

"Gbogbo èyí nítorí ẹja?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Iyanrìn tí ẹ ò lè fi ra ọwọ́ ọmọ yín, ẹ má dà á fún ẹja."

Ó ní iyanrìn dáadáa nínú àpò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo ní màá padà wá rà á. N kò padà. Aṣọ ilé-ìwé mọ́kànlá ló wà nílẹ̀ tí mo ti dá ọjọ́ fún. Iyanrìn tí àwọn bíríkìlà fi sílẹ̀ wà ní ẹ̀yìnkùlé. Mo bu garawa kan níbẹ̀, mo da omi lé e lórí lẹ́ẹ̀kan, mo dà á sínú gíláàsì. Aago mẹ́ta ọ̀sán ni.

Ọmọ mi dé láti ilé-ìwé.

"Mọ́mì, ṣé ẹ fọwọ́ ra á?"

"Mo fọwọ́ ra á."

"Ẹ fún ọsàn sí i?"

"Mo fún un."

"Ẹ fọ̀ ọ́ dáadáa?"

"Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o ti di adájọ́ ni? Ẹ̀ẹ̀meje ni mo fọ̀ ọ́."

Ó dì mọ́ mi. Bàbá rẹ̀ ń wò wá láti ẹnu ọ̀nà. "Ẹja kan péré," ló wí, "ẹ ń ṣe bí ẹni tó bí ìbejì."

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí irùngbọ̀n Bàbá Àgbà fi bẹ̀rẹ̀ sí í kúrú. Nígbà tó yá, ó kù bíńtín. Ẹja náà kò wá ilẹ̀ mọ́. Ó kàn rọ̀ sí igun kan lókè, bí ẹni tí ilẹ̀ ń jó lẹ́sẹ̀.

Ọmọ mi sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú. "Èmi ni mo ṣe é. Mo gbàgbé láti pààrọ̀ omi rẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé."

Mo mọ̀ pé kì í ṣe òun. Mo la ẹnu láti sọ ọ́. Ohun tó jáde ni, "Wàá túbọ̀ máa ṣọ́ra, ọmọ mi."

Ó kúnlẹ̀. "Mọ́mì, ẹ má bínú."

Mo ní mo ti dárí jì í.

Ilé-ìwé wà ní ìsinmi. Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, ó lọ sùn. Mo wà nídìí ẹ̀rọ. Òwú já. Mo dá ẹsẹ̀ dúró. Ilé dákẹ́.

Ṣàrà. Ṣàrà. Ṣàrà.

Ó dà bí ẹni tó ń fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ra iyanrìn. Kò yára. Láti pálọ̀ ló ti ń wá.

"Ta nì yẹn?"

Ó dákẹ́. Mo wọ pálọ̀. Kò sí ẹnikẹ́ni. Omi inú gíláàsì dúró jẹ́ẹ́. Tábìlì gbẹ. Ṣùgbọ́n ihò kan wà nínú iyanrìn náà, bí ìgbà tí èèyàn bu ẹ̀kúnwọ́ kan. Mo wo aago. Aago mẹ́ta.

Nígbà tí ọmọ mi jí, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ pọ́n. Ó ní òun kò mọ ohun tó ṣe é.

Lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, mo ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, mo sì jókòó síwájú ilẹ̀kùn náà pẹ̀lú abẹ́rẹ́ àti òwú. Mo gbọ́ ìró náà ní pálọ̀. Mo ṣílẹ̀kùn. Ọmọ mi ń sùn, ó nà gbalaja, ó ya ọwọ́ sílẹ̀. Aṣọ rẹ̀ gbẹ. Ibùsùn gbẹ. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì ti ya wẹ́wẹ́, ẹ̀jẹ̀ ń yọ díẹ̀díẹ̀. Iyanrìn tútù wà lábẹ́ èékánná rẹ̀.

Mo fi òróró pa ọwọ́ rẹ̀. N kò sọ nǹkan kan fún bàbá rẹ̀. Kí ni ǹ bá sọ tí kò ní kan irọ́ mi?

Lọ́jọ́ kẹta, n kò fọwọ́ kan ẹ̀rọ. Mo gbé ọmọ lé itan bí ìgbà tó wà lọ́mọ ọwọ́, mo sì di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú sínú tèmi. Oorun gbé e lọ. Mò ń wo aago.

Ṣàrà. Ṣàrà.

Pálọ̀ ló ti ń dún, ọwọ́ ọmọ mi sì wà nínú ọwọ́ mi. Kò mì. Ó kàn bẹ̀rẹ̀ sí í tutù. Omi ń sun láàárín ìka wa. Lẹ́yìn náà ni mo mọ hóró iyanrìn, ẹyọ kọ̀ọ̀kan, láàárín àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ àti tèmi. Ó mú bí abẹ.

"Irọ́ ni mo pa!" Mo pariwo rẹ̀ sí pálọ̀ tó ṣófo. "N kò fọwọ́ ra á. N kò fún ọsàn sí i. N kò fọ̀ ọ́. Èmi ni, kì í ṣe òun!"

Ó dákẹ́.

Mo bojú wo itan mi. Ọmọ mi ti lajú sílẹ̀. Ó ń wò mí.

"Nígbà tí mo kúnlẹ̀ ńkọ́? Ẹ ti mọ̀?"

"Mo ti mọ̀."

Ó yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò nínú tèmi. Ó nù ún sára aṣọ ara rẹ̀. Ó bọ́ sílẹ̀ lórí itan mi, ó sì wọ yàrá lọ.

A ti kó iyanrìn yẹn dà padà sí ẹ̀yìnkùlé. Èmi ni mo lọ ra ti ẹlẹ́ja. Mo fọwọ́ ra á, mo fún ọsàn sí i, mo fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀meje lójú ọmọ mi. Kò bi mí ní ìbéèrè kankan. Nígbà tí mo parí, ó bu díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ tirẹ̀, ó sì fọwọ́ ra á fúnra rẹ̀ kó tó jẹ́ kí n dà á.

Bàbá Àgbà ti sọ̀ kalẹ̀. Irùngbọ̀n rẹ̀ ti ń hù. Ọwọ́ ọmọ mi ti jiná.

Àná, oníbàárà kan dá aṣọ funfun padà fún mi. Ó ní ẹ̀jẹ̀ ta sí i létí. Mo bẹ̀ ẹ́, mo ní abẹ́rẹ́ ló gún mi.

Kì í ṣe abẹ́rẹ́. Ní aago mẹ́ta, bí mo bá dá ẹsẹ̀ dúró lórí ẹ̀rọ, mo ṣì ń gbọ́ ọ. Ẹ̀yìnkùlé ló ti ń dún báyìí. Ọwọ́ mi á tutù, àtẹ́lẹwọ́ mi á sì ya wẹ́wẹ́. N kò tún béèrè ẹni tó jẹ́. Bó bá ti dákẹ́, yàrá ọmọ mi ni mo kọ́kọ́ ń lọ, láti wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Bí mo bá rí i pé ó mọ́, màá padà wá yọ iyanrìn kúrò lábẹ́ èékánná mi, màá sì máa ránṣọ mi lọ.