Ẹni Tí Yóò Kọ́kọ́ Lọ

Orí àpótí ni aránṣọ náà dúró sí, tó ń wọn fèrèsé kíláàsì fún kọ́tìnnì, nígbà tí olùkọ́ ń ṣàlàyé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ bí oríṣiríṣi ènìyàn ṣe ń sin ara wọn láti ipò kan bọ́ sí òmíràn. Ó ní àwọn kan máa ń gbé ìyàwó tuntun wọlé kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má kan ẹnu ọ̀nà. Àwọn kan máa ń fá irun ọmọkùnrin tó bá ti tó ọkùnrin. Ó ní níbi gbogbo, ìpín mẹ́ta ló ní: kíkúrò, dídúró lágbedeméjì, àti wíwọlé.

"Tíṣà," aránṣọ ké láti òkè, "ẹni tó dúró lágbedeméjì tí ẹnikẹ́ni ò pè wọlé ńkọ́?"

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Olùkọ́ ò rẹ́rìn-ín.

"Ta nìyẹn, mà?"

"Èmi ni. Opó ni mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi di àpótí yìí mú, ó ń mì."

Ó dì í mú. Láti ọjọ́ náà ni kọ́tìnnì ò ti dára mọ́ lójú olùkọ́, ó sì ń ránṣẹ́ pe aránṣọ padà. Ó gùn jù. Wọ́n gé e, ó tún kúrú jù.

"Kọ́tìnnì yìí ò ní wàhálà," aránṣọ sọ fún un níkẹyìn. "Ìwọ lo ní wàhálà. Sọ ọ́ kí n gbọ́."

"Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ."

"Ò bá ti sọ ọ́ kó o tó ba aṣọ jẹ́."

Òun náà nífẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyá tó bí ọkọ rẹ̀ tó kú ṣì wà ńlẹ̀. Ọmọ kan ṣoṣo ni ìyá náà bí. Nígbà tí ọmọ náà kú, aránṣọ ò lọ, ó dúró tì í nínú yàrá méjì tí wọ́n ń gbé. Ó ti pinnu pé bí ìyá ò bá fi tọkàntọkàn gbà, òun ò ní fẹ́ ẹnikẹ́ni.

Olùkọ́ wá rí ìyá. Ìyá ń tú òwú lára aṣọ àtijọ́, kò dáwọ́ dúró.

"Wọ́n ní o mọ bí gbogbo ayé ṣe ń ṣe é."

"Díẹ̀ ni mo mọ̀, mà."

"Wọ́n ń ṣe nǹkan fún ẹni tó ń lọ. Wọ́n ń ṣe fún ẹni tó ń gbà á. Kí ni wọ́n ń ṣe fún ìyá tí opó ọmọ rẹ̀ fẹ́ fi sílẹ̀?"

Aránṣọ ń ṣẹ́jú sí olùkọ́ pé kó sáà sọ nǹkan.

"Mi ò mọ̀, mà. Mi ò tíì kà á níbì kankan rí."

"Ó dáa. Máa lọ sílé."

Níta, aránṣọ gbaná jẹ. "Gbogbo ẹnu tí ò ń là ní kíláàsì! O ò lè dọ́gbọ́n sọ ọ̀kan?"

"Ṣé kí n parọ́ fún un ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni!"

"Olólùfẹ́ mi, ojú tí mo bá fi parọ́ fún un lónìí, òun náà ni màá fi máa wò ó lọ́la."

Aránṣọ wọlé pẹ̀lú omijé. Ìyá ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ojú fèrèsé.

"Nígbà ayé ọmọ mi, bí kò bá mọ nǹkan, á pa irọ́ tó mẹ́wàá," ìyá ní, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Eléyìí kì í ṣe òpùrọ́. Fẹ́ ẹ. Kì í ṣe lílọ rẹ ló ń bà mí lẹ́rù. Ẹnu ọ̀nà yẹn ni mo dúró sí nígbà tí wọ́n gbé ọmọ mi jáde. Mi ò lè dúró síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, kí n tún máa wo ẹ̀yìn rẹ. Nítorí náà, èmi ni màá kọ́kọ́ lọ."

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, lẹ́yìn tí wọ́n fọwọ́ síwèé tán, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dúró níwájú ilé. Ìyá gbé báàgì kọ́ apá. Ilé àbúrò rẹ̀ ló ń lọ.

"Kọ́là ẹ̀wù rẹ wọ́," ó sọ fún olùkọ́, ó sì tún un ṣe. "Ẹ dúró síbí. Kí ẹnikẹ́ni má mira títí màá fi yà ní kọ́nà yẹn."

"Mọ́mì, ẹ jẹ́ ká sìn yín dé..."

"Mo ní ẹ dúró."

Ó ń lọ. Orúnkún ń dùn ún, kò yára. Ó yà kí ẹni tó ń tún bàtà ṣe, ó bá a ṣàwàdà, ó tún ń lọ. Kò bojú wẹ̀yìn.

"Ṣé kí n sáré bá a?" aránṣọ sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Rárá. Jẹ́ kó lọ."

Nígbà tí ìyá dé kọ́nà, ó gbé ọwọ́ sókè láìyíjú padà, ó sì yà.

Ìgbà yẹn ni aránṣọ bú sẹ́kún, bí ọmọ tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ lọ sí ìrìn àjò. Ọkọ rẹ̀ gbá a mọ́ra títí ó fi dákẹ́. Lẹ́yìn náà, wọ́n jọ gbé maṣíìnì ìránṣọ rẹ̀, wọ́n sì gba apá kejì òpópónà lọ.