Ọjọ́ Tí Màmá Rédíò Dákẹ́ Nínú Ọkọ̀

"Ohun tó ń pariwo yẹn, ṣé ọkọ̀ ni àbí ẹ̀rọ ìlọta?"

Ojú fèrèsé ni ohùn Màmá ti jáde. Ọmọ rẹ̀ wà lábẹ́ jíìpù nínú àgbàlá, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì nìkan ló hàn síta. Iṣẹ́ káfíńtà ni ọkùnrin náà ń ṣe, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó bà jẹ́ nínú ilé tí kì í fọwọ́ ara rẹ̀ tún ṣe. Bí ẹ̀rọ omi bá dákú, á ní, "Mo lè ṣe é." Bí okùn bàtà bá já, "Mo lè ṣe é." Nígbà tó yá, àwọn aládùúgbò kúkú sọ ọ́ ní Mo-Lè-Ṣe-É.

"Màmá, sàlẹ́ńsà, páìpù tí èéfín ń gbà jáde, ló lu. Mo ti ń dí i."

"Kí lo fi ń dí i?"

"Agolo mílíìkì."

"Agolo mílíìkì! Ẹ gbà mí o! Ṣé tíì ni ọkọ̀ náà fẹ́ mu ni?"

Àwọn aládùúgbò ti fún Màmá náà lórúkọ. Rédíò ni wọ́n ń pè é, nítorí kò nílò iná, kò nílò bátìrì, láti ìdájí títí dìgbà tí oorun bá gbé e ló ń sọ̀rọ̀. Bó bá sùn tán pàápàá, ó ṣì máa ń dá èèyàn lóhùn lójú àlá.

Ìyàwó ọmọ rẹ̀ jáde láti ilé ìdáná, ó ń nu ọwọ́. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ò kúkú gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì? Ọ̀la la ń gbé Màmá lọ sílé ìwòsàn ojú, ọ̀nà náà sì jìn."

"Mẹkáníìkì á ní ká yọ gbogbo páìpù dànù. Ihò ló lu, mo sì ti dí ihò. Kí ló tún kù?"

Ó ti la agolo náà, ó ti fi wé ibi tí páìpù ti jẹ, ó sì ti fi wáyà dè é. Gọ́ọ̀mù tó fi ń lẹ pákó ló kùn sí i lára, ó wá fi àkísà yí i ká. Nígbà tó ta ẹ́ńjìnnì, ariwo náà ti lọ. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Lójú káfíńtà, ibi tí a so pọ̀ tí kò ké mọ́, ó ti jókòó nìyẹn.

"Ó ń rùn o," ni ìyàwó wí.

"Gọ́ọ̀mù ni. Á ti gbẹ kó tó di ọ̀la."

Nǹkan mìíràn tún wà lára jíìpù náà tí kò sẹ́ni tó kà á sí. Ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn rẹ̀ ni ọkùnrin náà máa ń ṣí sílẹ̀ fi kó pákó, tí pákó á yọ síta, tí á fi okùn di ìlẹ̀kùn náà mọ́ ọn. Pákó ti ya rọ́bà tó yí etí ìlẹ̀kùn ká. Mo-Lè-Ṣe-É fa rọ́bà náà tu, ó gé fóòmù bẹ́ẹ̀dì tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì lẹ̀ ẹ́ síbẹ̀. Ó mọ́ lójú. Ṣùgbọ́n fóòmù kì í ṣe rọ́bà. Inú rẹ̀ kún fún ihò, afẹ́fẹ́ sì ń gbabẹ̀ wọlé.

Òjò ló jí wọn ní ọjọ́ kejì. Tọkọtaya jókòó níwájú. Màmá àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin jókòó lẹ́yìn, nítòsí ìlẹ̀kùn tí fóòmù wà. Kí wọ́n tó jáde lójú pópó ni Màmá ti bẹ̀rẹ̀.

"Ọkọ mi," ló ń wí fún ọmọ-ọmọ rẹ̀, "bó o bá fẹ́ lọ́kọ, bi í léèrè bóyá ó mọ ilé mẹkáníìkì. Baba-baba rẹ náà rí bẹ́ẹ̀. Ó tún àga ṣe fún mi, mo jókòó lórí ẹ̀, ilẹ̀ ni mo bá ara mi."

Ọmọ náà ń rẹ́rìn-ín kíkíkí.

"Màmá, ẹ jẹ́ kí etí wa sinmi díẹ̀," ni ọmọ rẹ̀ wí.

"Etí rẹ ni àbí agolo rẹ? Èwo lo fẹ́ gbọ́ dídún ẹ̀?"

Òjò le sí i. Wọ́n yí gbogbo gíláàsì sókè. Níwájú díẹ̀, ọkọ̀ akẹ́rù kan ti ṣubú dábùú ọ̀nà, gbogbo ọkọ̀ sì tò dúró gbọọrọ. Mo-Lè-Ṣe-É kò pa ẹ́ńjìnnì. Bó bá pa á, ẹ́sì tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí gíláàsì ò ní ṣiṣẹ́, ìkùukùu á sì bo gíláàsì. Wọ́n dúró bẹ́ẹ̀, ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, òjò ń lu òrùlé ọkọ̀.

"Mọ́mì, orí ń fọ́ mi."

"Ebi ni, ọmọ mi. Mu omi díẹ̀."

Orí ń fọ́ ìyàwó náà, àfi bíi pé wọ́n so gèlè mọ́ ọn lórí le jù. Ó rò pé àìsùn ni, torí ó tètè jí dáná. Ọkọ rẹ̀ ń yán léraléra. Òun rò pé òjò ló fa oorun. Olúkúlùkù wọn ti wá àlàyé fún ara rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó bi ẹnì kejì.

Nígbà tó ṣe, ọkùnrin náà wo inú dígí tó ń fi ẹ̀yìn ọkọ̀ hàn án, ó rẹ́rìn-ín.

"Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Rédíò ti sinmi."

Ìyàwó rẹ̀ náà rẹ́rìn-ín. Òjò nìkan ló kù tó ń sọ̀rọ̀. Ó ti fẹ́ pa ojú dé, ni ọkàn rẹ̀ bá ta pọ́ún. Láti ọjọ́ tó ti wọlé ọkọ, kò tíì bá Màmá wọ ọkọ̀ tí Màmá dákẹ́ rí. Wọ́n ti jà lọ́nà rí, Màmá ṣì ń sọ̀rọ̀. Eyín ti dun Màmá rí, ó fi ọwọ́ di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú, ó sì ń sọ̀rọ̀.

Ó yíjú sẹ́yìn. Orí Màmá ti fara ti gíláàsì, ẹnu rẹ̀ là, itọ́ ń ṣàn sí i ní àgbọ̀n. Ọmọ náà ti bì sára, ojú rẹ̀ là díẹ̀, ṣùgbọ́n kò wo ohunkóhun.

"Màmá! Màmá!"

Kò sí ìdáhùn.

"Ẹ ṣílẹ̀kùn! Ẹ ṣí gbogbo ìlẹ̀kùn!"

"Kí ló dé? Òjò ń rọ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sùn..."

"Màmá ò sùn! Ìgbà wo lẹ rí i tí Màmá sùn tí wọn ò fèsì?"

Ó já síta. Òòyì kọ́ ọ, ó di ìlẹ̀kùn mú kó má baà ṣubú. Ó gbé ọmọ jáde sínú òjò, ó tún padà, ó ń fa Màmá lábíyá. Nígbà náà ni ọkọ rẹ̀ tó sáré yípo wá. Ó gbé ọwọ́ ìyá rẹ̀ sókè, ọwọ́ náà já bọ́.

"Yéè! Ìyá mi o!"

Ọmọbìnrin náà mí kanlẹ̀, ó bú sẹ́kún. Màmá ò mira. Òjò ti mú aṣọ rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn lára.

"Òtútù á pa wọ́n!" Mo-Lè-Ṣe-É ti gbá ìyá rẹ̀ mọ́ra. "Ẹ jẹ́ ká gbé wọn padà. Màá gba etí títì, màá yà kọjá gbogbo ọkọ̀ yìí, mo lè ṣe é, mo lè gbé wọn dé ilé ìwòsàn!"

Orí Màmá ti wọ ẹnu ọ̀nà ọkọ̀ nígbà tí ẹnì kan kígbe lẹ́yìn wọn.

"Ẹ má gbé e padà sínú ọkọ̀ yẹn!"

Obìnrin kan tó wọ aṣọ nọ́ọ̀sì ló ti inú ọkọ̀ ẹ̀yìn sáré bọ̀, kò mú agbòjò.

"Màmá ń kú lọ, ẹ ní kí n má..."

"Ẹ pa ẹ́ńjìnnì yín ná! Ta lorí ń fọ́ nínú yín?"

Tọkọtaya wo ara wọn. "Gbogbo wa ni."

"Gbogbo yín lẹ́ẹ̀kan náà? Ibà wo ló ń mú gbogbo èèyàn inú ọkọ̀ pọ̀?" Nọ́ọ̀sì náà ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ọkọ̀, ó ti fọwọ́ kan fóòmù. Ìka rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò. "Èéfín ọkọ̀ yín tó ń gba ibí yìí wọlé lẹ ti ń fà sínú láti àárọ̀."

"A ò rí èéfín kankan," ni ọkùnrin náà wí.

"Èyí tó ń pani nínú rẹ̀, ojú kì í rí i, imú kì í gbọ́ òórùn ẹ̀. Ó ń gba àyè afẹ́fẹ́ rere nínú ẹ̀jẹ̀ ni. Orí á kọ́kọ́ fọ́ni, inú á máa ru, oorun á wá dé. Ẹni tó bá sùn sínú ẹ̀ lè má jí mọ́. Màmá ṣì ń mí. Ẹ gbé wọn sínú ọkọ̀ tèmi. Kíá!"

Àwọn awakọ̀ tó wà lẹ́yìn fún wọn láyè. Wọ́n yí ọkọ̀ padà sí ibùdó ìlera tó wà ní oríta, wọ́n yí gíláàsì sílẹ̀, òjò ń fọ́n sí wọn lójú. Jíìpù dá wà lójú ọ̀nà pẹ̀lú gbogbo ìlẹ̀kùn rẹ̀ ní ṣíṣí.

Wọ́n fi afẹ́fẹ́ rere inú sìlíńdà sí Màmá lẹ́nu àti imú. Wọ́n fún ọmọ náà àti tọkọtaya nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Lẹ́yìn náà, ìdúró ló kù. Mo-Lè-Ṣe-É jókòó sórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú aṣọ tútù, ègé fóòmù kan ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò mọ ìgbà tó já a. Ó ń fún un, omi dúdú ń kán sílẹ̀.

"Mọ́mì," ni ọmọ náà bi ìyá rẹ̀, "kí ló dé tí Màmá ò sọ̀rọ̀?"

Ìyá rẹ̀ fà á mọ́ra.

Nọ́ọ̀sì wọlé, ó jáde, ó tún wọlé. Ó pẹ́ kó tó ṣẹ́wọ́ sí wọn. Ọwọ́ Màmá ti gbéra lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń fa ike tó wà lẹ́nu rẹ̀.

"Ta ló bo ẹnu mi?"

"Màmá, afẹ́fẹ́ ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sílẹ̀."

"Ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti ń wá ohun tí wọ́n máa fi bò ó."

Ọmọ rẹ̀ wólẹ̀ lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì, ó di ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ mú. "Ẹ máa sọ̀rọ̀, Màmá. Ẹ máa sọ ọ́ lọ."

"Kí ni kí n sọ? Agolo mílíìkì náà ńkọ́?"

Wọ́n dá Màmá dúró síbẹ̀ di ọjọ́ kejì. Mẹkáníìkì ló wá wọ́ jíìpù lọ. Ó yọ páìpù tó ti jẹ, ó fi òmíràn sí i, ó sì fi rọ́bà tó bá ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn mu dípò fóòmù. Mo-Lè-Ṣe-É dúró tì í, ó ń wò ó, kò sì sọ orúkọ ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ọkọ̀ tó ti dàgbà, kò burú kéèyàn fọwọ́ ara rẹ̀ tọ́jú ọkọ̀. Ẹ lè wo omi àti ọ́ìlì, ẹ lè fẹ́ táyà, ẹ lè pààrọ̀ ohun tó ń nu gíláàsì. Ṣùgbọ́n ohun tó bá kan ẹ̀mí gbogbo ẹni tó wà nínú ọkọ̀, bíi bíréèkì àti sàlẹ́ńsà, ẹ gbé e fún ẹni tó kọ́ iṣẹ́ náà. Agolo, àkísà àti gọ́ọ̀mù lè pa ariwo, wọn ò lè dí èéfín. Bí ohùn ọkọ̀ yín bá yí padà, tàbí tẹ́ ẹ gbóòórùn èéfín nínú rẹ̀, ẹ má wọ̀ ọ́ rìnrìn àjò. Ẹ má fi rọ́bà ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn sílẹ̀ ní yíya, ẹ má sì ṣí ìlẹ̀kùn náà sílẹ̀ wa ọkọ̀ nítorí ẹrù. Ẹ má ta ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ nínú gáréèjì, bí ìlẹ̀kùn rẹ̀ tilẹ̀ wà ní ṣíṣí.

Bí orí bá ń fọ́ ju ẹnì kan lọ nínú ọkọ̀, tí èébì tàbí oorun ń gbé wọn, ẹ má wá àlàyé kiri. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ bọ́ síta, òjò ìbáà máa rọ̀. Ọkọ̀ mìíràn ni kẹ́ ẹ wọ̀ dé ilé ìwòsàn, kẹ́ ẹ sì sọ fún wọn pé èéfín ni. Bí ara bá tilẹ̀ ti fúyẹ́, ẹ ṣáà lọ.

Bí ẹni tó máa ń sọ̀rọ̀ jù nínú ọkọ̀ yín bá sì dákẹ́ lójijì, ẹ má kọ́kọ́ dúpẹ́. Ẹ pè é. Bí kò bá dáhùn, ẹ ṣílẹ̀kùn.