Ìwọ̀n Tí Kò Lórúkọ

Ẹni mẹ́ta ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Ìyáàfin Lydia Adéyẹmọ ni wọ́n ni ilé-iṣẹ́ tí a ti ń lọ oúnjẹ adìyẹ ní ojú ọ̀nà Ilé-Ogbó, ní Ìwó. Bàbá Yẹ̀kínì ni wọ́n ń wọn àgbàdo tí àwọn àgbẹ̀ bá kó wá síbẹ̀. Èmi, Jọmílójú, ni ilé-iṣẹ́ náà gbà láti bá wọn yan sọ́fíwià tí yóò so rírà, títà, sítọ̀ àti owó oṣù pọ̀ sójú kan, èyí tí à ń pè ní ERP. Ohun tí mo fojú ara mi rí ni mo kọ. Ibi tí n kò bá ti mọ ìdí, n ó sọ pé n kò mọ̀ ọ́n.

Àṣà kan wà níbẹ̀. Láràárọ̀, kí a tó gbé àpò kankan sórí òṣùwọ̀n, Bàbá Yẹ̀kínì á kọ́kọ́ gùn ún níṣojú àwọn àgbẹ̀. Ara Bàbá ni a fi ń dán òṣùwọ̀n wò. Àwọn ará Kuta àti Olúpọ̀nnà mọ ìwọ̀n Bàbá bí ẹní mọ orúkọ ọmọ. Bí ó bá ti pé, kò sí ẹni tí yóò sọ pé a rẹ́ òun jẹ.

Nígbà tí a ra òṣùwọ̀n tuntun, èyí tó ń fi ìwọ̀n ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀, Màmá Adéyẹmọ ní kí Bàbá lọ sinmi nílé wọn ní Kuta. Orúnkún ti ń dùn wọ́n tipẹ́. Bàbá wo òṣùwọ̀n náà yíká.

“Òṣùwọ̀n tí kò mọ ara ẹnikẹ́ni,” wọ́n ní, “ta ni yóò jẹ́rìí sí i?”

A rẹ́rìn-ín. Àwọn náà rẹ́rìn-ín, wọ́n sì lọ.

Oríṣi sọ́fíwià méjì ló kù tí a fẹ́ yan ọ̀kan nínú wọn. Èkíní wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Oṣooṣù ni a ó máa san owó rẹ̀, bí oṣù bá sì parí, yóò pa gbogbo ìwọ̀n tí kò lórúkọ, èyí tí a kò kọ ẹni tó ni ín sí, rẹ́. Èkejì yóò wà nínú kọ̀ǹpútà tiwa. Ó wọ́n, ṣùgbọ́n kì í pa ohunkóhun rẹ́. Èkíní ni mo fara mọ́: iná mànàmáná wa kò ṣeé gbójú lé, owó rẹ̀ kò sì ni wá lára. Òun ni a kọ́kọ́ dán wò.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, kí a tó ṣí géètì, mo bá ìwọ̀n kan nínú rẹ̀. Ó tó ti àgbàlagbà ọkùnrin. Kò lórúkọ. Ní ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, ó tún dé, ó sì dín díẹ̀. Láràárọ̀ ló ń dé. Láràárọ̀ ló ń dín.

Abdulhafeez, òṣìṣẹ́ àwọn tó ń ta sọ́fíwià fún wa, ní eku wa ti sanra jù. Mo nu òṣùwọ̀n náà mọ́. Mo pààrọ̀ wáyà rẹ̀. Mo pa sọ́fíwià èkíní, mo tan èkejì fún ìdánwò. Ìwọ̀n náà wọlé síbẹ̀ pẹ̀lú.

Ìgbà náà ni mo tó sọ fún Màmá. Ní àfẹ̀mọ́júmọ́, àwa méjèèjì jókòó ti òṣùwọ̀n. Ọyẹ́ mú gan-an. Àkùkọ àdúgbò kò kọ. Nígbà tó ṣe, irin òṣùwọ̀n dún kẹ́rẹ́, bí ìgbà tí ènìyàn gbé ẹsẹ̀ kan lé e. Ó tún dún. Nọ́ńbà gòkè, ó dúró. Eruku orí irin náà kò yẹ̀. Mo gbọ́ èémí Màmá. Mo gbọ́ tèmi. N kò gbọ́ ẹlòmíràn. Nọ́ńbà náà padà sí òdo.

“Bàbá Yẹ̀kínì ni,” Màmá ní.

“Màmá, ìwọ̀n tiwọn ju èyí lọ.”

“Ó jù ú lọ tẹ́lẹ̀ ni.”

A gba Kuta lọ láàárọ̀ yẹn. A bá Bàbá nídìí ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín. Ẹ̀wù wọn ti di ti ẹlòmíràn sí wọn lọ́rùn. Ìyá Àgbékẹ́, ìyàwó wọn, sọ fún wa pé wọ́n ń jẹun, wọ́n ń sùn, dókítà kò rí àrùn kankan, síbẹ̀ gbogbo ṣòkòtò wọn ni òun ti rán mọ́ra lẹ́ẹ̀mejì. Aládùúgbò wọn kan tó ń ra èkùrọ́ ní òṣùwọ̀n. Mo bẹ Bàbá, wọ́n gùn ún. Ìwọ̀n wọn bá ti àárọ̀ mu rẹ́gí. Mo sọ fún Bàbá pé irú ìwọ̀n yìí ń wọ òṣùwọ̀n wa láràárọ̀.

“Ta ló ń gun òṣùwọ̀n yín láàárọ̀?”

Màmá ní kò sí ẹnikẹ́ni.

“Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́ kó rọra gùn ún,” Bàbá ní, wọ́n sì bu ẹ̀kọ sẹ́nu. Ìyàwó wọn kò rẹ́rìn-ín.

A ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ Ìwó nígbà tí Màmá bi mí nínú ọkọ̀ pé:

“Èwo nínú méjèèjì ni kì í pa nǹkan rẹ́?”

“Ti inú kọ̀ǹpútà wa ni, Màmá. Ṣùgbọ́n kì í ṣe irú ìdí yìí ni a fi ń yan sọ́fíwià.”

“Òun ni mo mú. Kí o sì fi orúkọ wọn sí ìwọ̀n yẹn. Ohun tó bá lórúkọ kì í ṣòfò.”

N kò gbà bẹ́ẹ̀. Àmọ́ oṣù ti ń parí lọ, ènìyàn kan sì ń tán lọ níṣojú mi. N kò ní ìmọ̀ràn mìíràn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ìwọ̀n náà wọlé. Mo wá ibi tí n ó kọ orúkọ sí. Àyè méjì péré ni sọ́fíwià náà ní: ti ẹni tó ń tà fún wa, àti ti ẹni tó ń rà lọ́wọ́ wa. Kò sí àyè fún ẹni tó kàn ń jẹ́rìí. Mo pe Abdulhafeez lórí fóònù. Ó ní kí n fi Bàbá sáàárín àwọn tó ń tà, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ilé-iṣẹ́ ń ṣe. Màmá tó dúró tì mí fi orí gbà á. Mo kọ ọ́: Yẹ̀kínì, Kuta.

Sọ́fíwià náà ṣe iṣẹ́ tí a rà á fún. Ó fi ìwọ̀n náà kún àgbàdo inú sítọ̀. Ó fi iye tí a ń ra àgbàdo lọ́jọ́ náà ṣírò owó rẹ̀. Màmá kì í jẹ àgbẹ̀ ní gbèsè, a sì ti ṣètò sọ́fíwià náà láti máa sanwó lójú ẹsẹ̀. Kí n tó gbọ́wọ́ kúrò, owó ti wọ àpò Bàbá ní báńkì, èyí tí a ń san owó oṣù wọn sí.

Láti àárọ̀ tó tẹ̀ lé e, òṣùwọ̀n dákẹ́. Bàbá pè mí láti dúpẹ́ owó.

“Ṣùgbọ́n kí ni mo tà fún yín, ọmọ mi?”

Mo sọ ọ́ fún Màmá. A tún lọ sí Kuta. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn ti kún padà. Ẹ̀wù wọn ti bá wọn mu. Wọ́n jáde wá pàdé wa láàárín àgbàlá, níbi tí Ìyá Àgbékẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ da omi ìfọṣọ sí. Bàtà èmi àti ti Màmá rì sínú ẹrẹ̀. Ẹrẹ̀ abẹ́ ẹsẹ̀ Bàbá ń dán, ó tẹ́jú. Aládùúgbò gbé òṣùwọ̀n rẹ̀ wá láìjẹ́ pé a bẹ̀ ẹ́. Bàbá gùn ún. Òṣùwọ̀n náà kò mira, bí ẹni pé kò sí ẹni tó gùn ún. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n tún gùn ún, wọ́n sì wò mí.

“Ẹ dá ìwọ̀n wọn padà fún wọn,” Ìyá Àgbékẹ́ ní.

Mo dé ọ́fíìsì, mo gbìyànjú. Sọ́fíwià náà kì í pa nǹkan rẹ́. Ó gba kí a dá ọjà padà fún ẹni tó tà á, bí ó bá ṣì wà ní sítọ̀. Ṣùgbọ́n àgbàdo ọjọ́ náà, ó ní a ti lọ̀ ọ́, a ti tà á, ìwọ̀n Bàbá sì ti bá a lọ. Bàbá Yẹ̀kínì ṣì wà láàyè, wọ́n sì lè máa gbé bẹ́ẹ̀ pẹ́ láìní ìwọ̀n. Owó tí a san fún wọn kò tó owó àpò àgbàdo kan.