Ihò Kẹrin Lábẹ́ Ilé Onítáyà

Ṣé ẹ ti rí ilé tí kò sí ẹnì kankan nínú rẹ̀ rí, tí gíláàsì fèrèsé rẹ̀ ń làágùn láti inú, bí ìgbà tí ènìyàn ń mí sí i? Eluned rí i. Òun ló ti ilẹ̀kùn ilé náà ní oṣù kọkànlá, òun náà ló ṣí i ní oṣù kẹta, kọ́kọ́rọ́ kò sì kúrò lọ́rùn rẹ̀.

Ilé onítáyà ni, irú èyí tí wọ́n ń so mọ́ ẹ̀yìn mọ́tò fà lọ sétíkun. Inú pápá oko Marged, obìnrin àdúgbò wọn ní ilẹ̀ Wales, ló wà, lẹ́yìn ògiri òkúta tó ń bá a gba ìjì òkun sára. Inú rẹ̀ ni Idwal, ọkọ Eluned, ti rẹjú lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí kò jí mọ́. Èéfín ẹ̀rọ gáàsì tó ń mú ilé móoru ló pa á. Àwọn tó wádìí ikú náà ní ẹ̀rọ náà kò rí afẹ́fẹ́ fà. Wọ́n wo inú ilé, wọn kò wo abẹ́, wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé pé àìbìkítà ara rẹ̀ ni.

Ọ̀rọ̀ yẹn ta Eluned ju ikú fúnra rẹ̀ lọ. Àìbìkítà kẹ̀? Idwal tí kì í fi ọ̀rá bo ilé náà nígbà òtútù, àfi aṣọ tó ń mí? "Bo ara, má bo imú," ohun tó máa ń wí nìyẹn. Lójoojúmọ́, kó tó jókòó mu tíì, á fi ìka kan ihò afẹ́fẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kọ́, kọ́, kọ́, kọ́: méjì lájà, ọ̀kan lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ìkẹrin ní ilẹ̀ lábẹ́ bẹ́ńṣì, níbi tí ẹ̀rọ gáàsì ti ń fa afẹ́fẹ́. Ogójì ọdún ló fi ṣe é. Wọ́n rí òkú tí kò lè fèsì, wọ́n di ẹ̀bi rù ú.

Gethin, àbúrò Idwal, ló sì sọ fún wọn pé ẹ̀gbọ́n òun ti ń gbàgbé nǹkan.

"Aya ẹ̀gbọ́n mi," ni Gethin wí lẹ́nu ọ̀nà, "ẹ jẹ́ kí n fà á lọ síbi tí wọ́n ti ń fọ́ irin lọ́la. Kí lẹ fẹ́ fi pósí ṣe?"

"Ẹnu ẹ ni pósí. Gba kẹ́tùlù yìí, lọ pọnmi wá."

Marged tó ń gé koríko lẹ́bàá ògiri rẹ́rìn-ín. "Eluned, ahọ́n ẹ ò tíì fẹ̀yìn tì?"

"Ó dọjọ́ tí mo bá kú."

Ó nu gíláàsì. Kó tó fún àkísà tán, òógùn ti padà. Ó tún nu ún. Ó tún padà. Òórùn irun àgùntàn tó tutù ń bọ̀ láti ilẹ̀. Gethin gbé omi dé, ó sì gbé e kaná.

Kọ́, lájà. Kọ́. Kọ́, lẹ́bàá ilẹ̀kùn.

Lẹ́yìn náà, ó pa kẹ́kẹ́. Eluned ń retí ìkẹrin. Kò dún. Ohun tó dún ni èékánná, tó ń ha ilẹ̀ lábẹ́ bẹ́ńṣì.

Ife bọ́ lọ́wọ́ Gethin. "Eku ni," ó wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Eku tó mọ òǹkà?"

Eluned gbé ìjókòó bẹ́ńṣì sókè. Ihò náà mọ́ tónítóní láti òkè, ṣùgbọ́n nígbà tó na àtẹ́lẹwọ́ sí i, afẹ́fẹ́ kankan kò fẹ́. Lọ́la, wọn ì bá fọ́ ilé náà, irọ́ ì bá sì wà nínú ìwé títí ayé. Eluned jáde. Ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin, ó dojú bolẹ̀ nínú ẹrẹ̀, ó rá wọ abẹ́ ilé, ó sì ki ọwọ́ sókè.

Ó fa nǹkan kan jáde. Ìbọ̀sẹ̀ ni, aláwọ̀ ewé, gìgísẹ̀ rẹ̀ pupa nítorí pé òwú ewé tán lọ́wọ́ ẹni tó hun ún. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló hun ún. Ẹnì kan ṣoṣo ló sì hun irú rẹ̀ fún: Gethin. Oṣù mẹ́rin ti kọjá, síbẹ̀ ìbọ̀sẹ̀ náà lọ́ wọ́ọ́rọ́, bí èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ kúrò lẹ́sẹ̀. Ilé tó wà lókè orí rẹ̀ sì mí kanlẹ̀, gígùn, sí i lọ́rùn.

Ó rá jáde, ó nà án síwájú Gethin. Gethin kò wò ó. Ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló ń wò.

"Ikọ́ ń da ẹ̀gbọ́n mi láàmú," ni ó bẹ̀rẹ̀. "Atẹ́gùn ihò yẹn tutù. Mo ní kó dí i, ó kọ̀. Mo rò pé…"

"Mi ò bi ọ́ nípa ikọ́. O ràn án lọ́wọ́ ní ìrànkuràn, ìyẹn lè jẹ́ èèṣì. Ṣùgbọ́n o dúró níwájú wọn, o ní òun ló gbàgbé! Ta ló dí i?"

Nínú ilé, kọ́. Kọ́. Kọ́. Marged ju dòjé rẹ̀ sílẹ̀.

"Èmi ni."

"Èmi kì í ṣe orúkọ. Marged ń gbọ́. Ẹ̀gbọ́n ẹ ń gbọ́. Dárúkọ!"

Ó gbé ojú kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀. "Gethin," ó wí. "Gethin ló dí i."

Kọ́.