Ojú Kan Tí Ẹ̀kọ Kò Dé

"Ọmọ́yẹlé, níbo lo wà?"

"Mo wà níbí, Màmá."

"Ara rẹ ló wà níbí. Ọkàn rẹ ńkọ́?"

Ọmọ́yẹlé rẹ́rìn-ín, ó sì tún wo ìwé jọ́gíráfì tó ṣí sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọdún 1968 ni, lẹ́yìn Ọjà Ọba, ní Òṣogbo. Ìdánwò àṣekágbá rẹ̀ ku ọ̀sẹ̀ méjì. Ìyá rẹ̀ àgbà, Àpìkẹ́ aláró, tó ń pè ní Màmá, ti fún un ní àdìrẹ kan láti yà. Ìyẹ́ adìẹ ni yóò máa tì bọ ẹ̀kọ láfún, tí yóò fi máa ya àwòrán sára aṣọ, nítorí ibi tí ẹ̀kọ bá wà, aró kì í mú un. Ìyá Ògúnṣẹ̀yẹ, oníbàárà wọn láti Iléṣà, ló fẹ́ fi aṣọ náà ṣe ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀.

Ojú méjìdínlọ́gbọ̀n ni wọ́n pín aṣọ náà sí. Ọmọ́yẹlé ń yà, ó ń kàwé. Nígbà tó rẹ ẹ́ láró tán, tó fọ ẹ̀kọ kúrò, ó tẹ́ ẹ wò. Ojú kan dúdú kirikiri láàárín. Kò ya nǹkan kan sí i!

Ojú Màmá ti ń ṣe bàìbàì. Ọmọ́yẹlé ká ibẹ̀ sínú kí Màmá má bàa rí i.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, Ìyá Ògúnṣẹ̀yẹ tú aṣọ náà wò.

"Háà, Màmá! Ṣé eléyìí ni kí ọmọ mi ró wọlé ọkọ? Aṣọ yín ni mo fi ń yangàn ní Iléṣà o!"

"Kí ló ṣe é?" ni Màmá bèèrè.

Ọmọ́yẹlé kúnlẹ̀. "Èmi ni, Mà. Mo rí i, mo sì ká a mọ́nú."

"Ẹ ṣe òmíràn. Ọjọ́bọ̀ ni mò ń padà bọ̀," ni obìnrin náà wí. "Bí kò bá dára, mo ń lọ sọ́dọ̀ aláró mìíràn nìyẹn."

Màmá kò bú Ọmọ́yẹlé. "Ẹni tó bá lé eku méjì á pòfo. Ìwé dára, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n bí o bá ń ya aṣọ, yà á. Bí o bá ń kàwé, kà á. Ọlọ́run ń bẹ níhìn-ín báyìí. Ìwọ ni kì í gbélé."

Ọmọ́yẹlé gbé ìwé wọlé, ó gbàdúrà ráńpẹ́, ó jókòó ti aṣọ tuntun. Ọkàn rẹ̀ sá lọ síbi ìdánwò. Ó rọra fà á padà síbi ìyẹ́ adìẹ. Ó tún sá lọ. Ó tún fà á padà, kò bá a jà. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí gbọ́ èémí ara rẹ̀. Ó rí bí ẹ̀kọ ṣe ń dán kí ó tó gbẹ. Nírọ̀lẹ́, ó fọ ọwọ́, ó ṣíwèé, ohun tó kà sì wọ̀ ọ́ lára ju ti gbogbo ọ̀sẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́bọ̀, Ìyá Ògúnṣẹ̀yẹ tẹ́ aṣọ tuntun náà sínú oòrùn, ó wò ó lójú kọ̀ọ̀kan, ó sì rẹ́rìn-ín.

"Ta ló ya èyí?"

Láti ogójì ọdún, "Àwa ni" ni Màmá máa ń dáhùn, ẹni yòówù kó yà á.

"Ọmọ́yẹlé ni," ni ó wí lọ́jọ́ náà.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, Ọlọ́run kì í fún wa ní wákàtí méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀kan ló ń fún wa. Ẹ jẹ́ ká máa gbé inú rẹ̀.