Ìwé Ìgbọ̀wọ́ Tí Ìkọ̀sílẹ̀ Kò Lè Fà Ya

Eladio Brazobán kò gbà pé ohun kan láyé lè di òun mú. Panẹbítà ni ní ìlú Reading, ní Amẹ́ríkà, níbi tí àwọn ará Santo Domingo, ilẹ̀ òkèèrè tí òun náà ti wá, kún dẹ́nu. Bí ọkọ̀ bá forí sọ ògiri, Eladio ni wọ́n ń gbé e wá bá. "Kò sí ohun tó wọ́ tí n kò lè mú tọ́." Bó ṣe máa ń fọ́nnu nìyẹn.

Ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, ó mú ìyàwó rẹ̀, Yokasta, wá láti Baní, ìlú wọn nílé. Kí ìjọba tó jẹ́ kí obìnrin náà wọlé, Eladio fọwọ́ sí ìwé pé òun ni onígbọ̀wọ́ rẹ̀, pé òun kò ní jẹ́ kó di ẹrù sí ìjọba lọ́rùn. Ojú ewé mélòó kan ni ìwé náà. Kò ka ọ̀kan nínú wọn. Ta ló ń ka irú ìwé gígùn bẹ́ẹ̀?

Lọ́dún tó kọjá, ó kọ Yokasta sílẹ̀. Ọjọ́ tó jáde ní kóòtù, ṣọ́ọ̀bù agẹrun ló gbà lọ tààrà, ó ra bíà fún gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀. "Mo ti bọ́!" ó kígbe. Kò pẹ́, ó lọ sílé lọ fẹ́ aránṣọ kan tó ń jẹ́ Maribel. Ó ṣèlérí fún un pé ní Reading ni yóò ti jẹ Kérésìmesì, ó sì kun yàrá kan ní àwọ̀ ewé, nítorí àwọ̀ tí Maribel fẹ́ràn nìyẹn.

Ó wá kó fáìlì lọ bá Doña Iluminada, ìyá àgbà tó máa ń bá àwọn èèyàn kọ ìwé ìjọba.

"Àwọn wo lo ń gbọ̀wọ́ fún?" ìyá náà bi í.

"Ẹnì kan ṣoṣo, Mama. Maribel."

"Yokasta ńkọ́?"

"Mo ti kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Ẹ wo òǹtẹ̀ kóòtù!"

"Ìgbéyàwó ni adájọ́ tú ká, ọmọ mi. Kò tú àdéhùn ìwọ àti ìjọba ká. Yokasta ṣì wà lọ́rùn rẹ, àfi tó bá di ọmọ-ìlú, tàbí tó bá ṣiṣẹ́ tó bí ọdún mẹ́wàá, tàbí tó bá kó kúrò nílẹ̀ yìí pátápátá, tàbí tó bá kú."

"Ṣé kí n wá máa gbàdúrà kó kú ni?"

"Ẹnu rẹ ló ti jáde o, kì í ṣe ẹnu mi."

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé owó tó ń wọlé fún Eladio nínú ìwé tó èèyàn méjì, kò tó mẹ́ta: òun, Yokasta àti Maribel. Lóòótọ́, owó gidi ń wọlé fún un. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tó ti ń fi ìdajì rẹ̀ pamọ́ kúrò lójú àwọn agbowó-orí, tó ń pe ìyẹn ní ọgbọ́n. Wàyí o, ìwé tó fi purọ́ pé òun tòṣì ló dìde tó ń jẹ́rìí pé ó tòṣì. Ìyá àgbà ní kó lọ wá ẹlòmíràn tí yóò bá a fọwọ́ sí i.

Ó pe àwọn tó mu bíà rẹ̀. Ọ̀kan ní ìyàwó òun kò gbà. Òmíràn pa fóònù. Ẹ̀kẹta rẹ́rìn-ín: "Ìwọ tí o ní ìwé kankan kò lè di ọ́ mú, ṣé èmi ló wá fẹ́ kó dì mú?"

Inú bí i débi pé ó gba ilé Yokasta lọ. Obìnrin náà ń bó ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú lọ́wọ́.

"Ọdún kẹfà rèé!" ni Eladio fi wọlé. Kò kí i. "Kí ló dé tí o kò tíì di ọmọ-ìlú? Ṣé nítorí kí o lè máa so mọ́ mi lọ́rùn ni?"

Yokasta gbé ọ̀bẹ sílẹ̀.

"Eladio, ṣé o ń béèrè ni? Fọ́ọ̀mù tí mo gbà lọ́dún kẹta, tí mo fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọ, ta ló fà á ya? O ní tí mo bá di ọmọ-ìlú, màá gùn ọ́ lórí. O jù ú sí garawa ìdọ̀tí, o tún da gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ kọfí lé e lórí. Ká ní o jẹ́ kí n lọ nígbà yẹn, ò bá ti bọ́ lónìí. Mi ò tọrọ nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ rí. Ilẹ̀kùn nìyẹn."

Ẹ gbà mí lọ́wọ́ ọkùnrin yìí! Ṣé kò yẹ kó ronú níbẹ̀? Kò ronú. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ló padà sí, ó gbé òòlù, ó ń lu ilẹ̀kùn ọkọ̀ oníbàárà títí tó fi bà á jẹ́. Lẹ́yìn náà ó fa fọ́ọ̀mù ìgbọ̀wọ́ Maribel yọ, ó mú bírò.

"Màá kọ ọ́ pé n kò gbọ̀wọ́ fún ẹnikẹ́ni rí," ó wí fún Anselmo, àgbàlagbà onígbàgbọ́ tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni."

"Ta ni màá sọ fún? Ẹni tó yẹ kó mọ̀ ti mọ̀."

"Ẹ tún ti bẹ̀rẹ̀ ìwàásù yín! Ẹ bá mi fọwọ́ sí i nígbà náà!"

"Owó tó ń wọlé fún mi kò tó, ìwọ náà mọ̀. Ká ní ó tó, ǹ bá ṣe é. Ṣùgbọ́n Eladio, bí Ọlọ́run bá ṣí ìwé ayé rẹ lónìí, tí Ó kan irọ́ inú rẹ̀, tí Ó kan Yokasta, ta ni yóò dúró fún ọ?"

Eladio tẹ bírò mọ́ fọ́ọ̀mù náà, Anselmo sì ń bá a lọ:

"Jésù nìkan ni onígbọ̀wọ́ ẹlẹ́ṣẹ̀. Ìwọ fọwọ́ sí ìwé láìkà á, nígbà tó sì di ìnira, o fẹ́ sá. Òun mọ gbogbo ohun tó wà nínú tiwa kó tó gbà á. Ó mọ̀ pé ẹ̀mí Rẹ̀ ni yóò bá a lọ. Kò sá."

Eladio fẹ́ bú u. Ṣùgbọ́n fọ́ọ̀mù tó fà ya lọ́jọ́sí ló ń rí, àti ìkọ̀wé Yokasta tó rẹwà lábẹ́ gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ kọfí. Bírò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ sínú eruku ọ̀dà.

"Olúwa," ó wí, "èmi gan-an ni mo wọ́. N kò lè mú ara mi tọ́. Gbà mí."

Ó kọ òtítọ́ sínú fọ́ọ̀mù, wọ́n sì dá a padà pé owó kò tó. Nígbà tó ṣàlàyé fún Maribel lórí fóònù, onítọ̀hún pè é ní onírọ́, Eladio sì gbà pé onírọ́ ni òun tẹ́lẹ̀. Ó lọ tún ìwé owó-orí rẹ̀ ṣe. Ó gba fọ́ọ̀mù ọmọ-ìlú tuntun lọ fún Yokasta, ẹnu ọ̀nà ló dúró sí tó ti tọrọ àforíjì.

"Mo gba fọ́ọ̀mù," Yokasta wí. "Èyí tó kù, màá rò ó."

Kérésìmesì dé, kò sí Maribel nínú yàrá aláwọ̀ ewé. Ó dun Eladio gan-an, mi ò ní parọ́ fún ọ. Ṣùgbọ́n ní ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, kò sí ìwé kankan tí ẹ̀rù ń bà á pé wọn yóò ṣí.

Ìwọ tí o ń kà á ńkọ́? Bóyá o ti ń fi Eladio rẹ́rìn-ín. Ta ni ìwọ náà tì síta? Ìwé wo lo fà ya, tí o da ìdọ̀tí bò, tí o rò pé ó ti tán? Bí o bá kú pẹ̀lú rẹ̀, ọ̀rẹ́ wo ni yóò gbé fóònù rẹ?

Eladio ṣì ń dúró de èsì àwọn ọ́fíìsì ìjọba lórí ọ̀rọ̀ Maribel. Ìjọba ayé a máa ní kí èèyàn lọ kó padà wá. Jésù kò ní kí o lọ. Ó ti dúró fún ọ, Ó sì ti san gbèsè rẹ tán. Ronú pìwà dà, kúnlẹ̀ níbi tí o wà yìí, kí o tó ká ìwé yìí sápò.