Ilé Tí Èéfín Kì Í Rú Ní Sátidé

Iná ò ràn. Ohun tó kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀ nìyẹn, ní Sátidé àkọ́kọ́ tí Ginés Robledo jí nínú ilé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà. Casilda ìyàwó rẹ̀ ṣá òkúta ìṣáná títí apá fi ń ro ó. Ẹ̀ta iná á fò bọ́ sórí koríko, á kú. Kì í kúkú ṣe pé koríko tutù. Oòrùn San Telmo, ìlú etíkun wọn, tó ń gbẹ ẹja láàárọ̀ kan ṣoṣo ti yan koríko yẹn gbẹ táútáú. Àmọ́ bí iná bá ti fẹ́ mú un, ṣe ló máa tẹrí ba bí ọmọ tó rí àgbà, á sì lọ.

"Àbí o ò mọ iná dá mọ́ ni?" Ginés bi í.

"Wá dá a kí n rí i, afọ́nnu."

Ó dá a. Kò ràn. Ó sáré lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ tó wà nísàlẹ̀ àdúgbò, ó bu ẹyinná sínú àwo irin. Ẹyinná ń pọ́n rẹ̀dẹ̀rẹ̀dẹ̀ títí dé ẹnu ọ̀nà. Bó ṣe gbé ẹsẹ̀ kan wọlé báyìí, fùú! Eérú ló kù nínú àwo, eérú tó tutù bí ti ìjẹta.

Ara Ginés bù máṣọ, síbẹ̀ ó rẹ́rìn-ín. Ọjà àlòkù ló ń tà: bàtà òkú, ìbùsùn opó, aṣọ ọkọ̀ ojú omi tó ti ya. Ó mọ̀ pé ọjà tó bá pọ́ọ́kú, àìsàn ń bẹ lára rẹ̀, kí oníbàárà tètè mọ èwo ni. Ilé ńlá báyìí, tó ní àgbàlá láàárín, tó ní kànga tí omi rẹ̀ dùn, tí wọ́n lù ní gbàǹjo bí ẹja tó ti ń rùn! Ó ti yẹ kó fura.

Dóńà Brites Mendes ló nilé tẹ́lẹ̀, opó kan, ọmọ Potogí. Kristẹni tuntun làwọn èèyàn ń pè é, ìyẹn ni pé Júù ni àwọn bàbá rẹ̀, tí wọ́n fipá rì bọ omi ìrìbọmi. Nígbà tó yá, Ilé-ẹjọ́ Ìgbàgbọ́, tí ìjọ Kátólíìkì fi ń dọdẹ ẹni tó bá yà kúrò nínú ẹ̀sìn, rán èèyàn wá mú un. Wọ́n ní ó ṣì ń sin Ọlọ́run àwọn bàbá rẹ̀ ní kọ̀rọ̀. Ẹ̀rí wọn dà? Èéfín. Wọ́n ní gbogbo ọ̀pá èéfín àdúgbò ló ń rú ní Sátidé, tiẹ̀ nìkan ni kì í rú, torí Júù kì í dáná lọ́jọ́ ìsinmi wọn. Inú ẹ̀wọ̀n ló kú sí kí ẹjọ́ tó parí. Wọ́n gba ilé, wọ́n tà á.

Ẹni tó lọ fẹjọ́ èéfín sùn ni Úrsula Pacheco, tó ń gbé ní òdìkejì títì, tó ti fojú sí ilé yẹn fún ọmọbìnrin rẹ̀. Ginés wá lọ yọjú ní gbàǹjo, ó já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Látọjọ́ náà, kò sí ẹ káàárọ̀ láàárín wọn mọ́.

Lọ́jọ́ tí wọ́n kó wọlé, Ginés fúnra rẹ̀ ló gbálẹ̀, bí ìyá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ nílé wọn ní Sípéènì: láti ẹnu ọ̀nà wá sí àárín ilé, kó tó fọwọ́ kó o. Casilda fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí. "Ṣé ìdọ̀tí náà wà lára ohun tó o rà ni, tó ò fẹ́ kó jáde?"

"Ẹni tó bá gbálẹ̀ síta ń gbá oríire dànù. Ìyá mi ló sọ bẹ́ẹ̀."

Ní ọ̀sán Sátidé yẹn, tí ebi ti ń pa wọ́n, Casilda pè é láti ilé ìdáná. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ.

"Ginés. Wá."

Ìkòkò wọn tó ṣófo lánàá wà lórí ààrò tútù. Ó gbóná. Casilda ṣí i, oorun àlùbọ́sà àti ọ̀rá àgùntàn gba gbogbo ilé. Ẹ̀wà roboto ló wà níbẹ̀, ó rọ̀ bí ìgbà tí wọ́n ti gbé e sórí ẹyinná láti alẹ́ àná.

"Ta ló sè é?"

"Má bi mí o."

Ginés ló kọ́kọ́ ki búrẹ́dì bọ̀ ọ́. Ó jẹ ẹ́, ó tún bù sí i. Ó dà bíi pé ó ti jẹ oúnjẹ yìí rí, kò rántí ibi tó ti jẹ ẹ́.

"Ó dùn," ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́. "Ó dùn jù."

Ìgbà náà ni ohùn Úrsula ta láti ojú fèrèsé òdìkejì. "Ginés o! Ọmọ Kristẹni àtijọ́! Èéfín ilé yín dà?"

"Àwẹ̀ là ń gbà, ìyá!"

"Ní Sátidé? Ẹ kú àwẹ̀ o! Mà á máa bá yín ṣọ́ ọ."

Sátidé kejì, bákan náà. Ginés wá so ẹran ẹlẹ́dẹ̀ rọ̀ sẹ́nu ọ̀nà látòkè délẹ̀, kí gbogbo ayé lè rí i pé òun kì í ṣe Júù. Úrsula wò ó, ó pòṣé. "Ẹran pọ̀ o. Iná tẹ́ ẹ máa fi sè é ńkọ́?"

Casilda ò lè sùn mọ́. "Jẹ́ ká tà á, ọkọ mi."

"Ká tà á fún ta? Úrsula nìkan ló ń wá a. Tá a bá sì sá, wọ́n á ní kí ló lé wa." Ginés mọ ọjà náà dáadáa. Ẹni tí Ilé-ẹjọ́ bá mú, wọ́n á lu ẹrù rẹ̀ ní gbàǹjo. Òun tó ti ń jẹun nídìí gbàǹjo látọjọ́ yìí, ọrùn òun ló kù tí wọ́n máa nà sókè báyìí pé èló lẹ máa san.

Nígbà tí Sátidé kẹta mọ́, Úrsula mú akọ̀wé Ilé-ẹjọ́ wá, ọ̀gbẹ́ni Anselmo, ọkùnrin gbígbẹ kan tó gbé tábìlì àti tàdáwà rẹ̀ sí àárín títì. Àdúgbò tú jáde. Àmọ́ Ginés ti wà lórí òrùlé láti ìdájí! Ọgbọ́n ti sọ sí i: inú ilé ni iná ò ti ràn, ṣé òrùlé náà ni inú ilé? Àkàsọ̀ ara ògiri òde ló gbà gun òkè, ó gbé ìkòkò ẹyinná dání, ó kó èèpo àgbọn tútù lé e lórí lẹ́nu ọ̀pá èéfín. Èéfín rú! Ó rú dúdú, ó rú kìjikìji!

"Ẹ wò ó!" Ginés ń fò lórí òrùlé. "Ṣé ẹ ti rí i? Èéfín rèé o! Èéfín Kristẹni!"

Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Alágbẹ̀dẹ súfèé.

Ni èéfín náà bá dúró. Ó dúró lójú afẹ́fẹ́ bí ẹni tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó yí padà, ó ń ṣàn lọ sílẹ̀ bí omi, ó wọnú ọ̀pá èéfín lọ, títí ojú ọ̀run fi mọ́ roro. Ẹyinná inú ìkòkò kú. Àtẹ́wọ́ kú.

Anselmo ṣí ìwé tí wọ́n to àmì tí wọ́n fi ń mọ Júù sí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bi Úrsula léèrè.

"Èéfín?"

"Ojú yín náà rí i, ọ̀gá akọ̀wé."

"Aṣọ mímọ́ ní ìrọ̀lẹ́ Fúráìdé?"

"Ó máa ń wọ̀ ọ́."

"Aṣọ ni mò ń tà, ẹ̀yin èèyàn mi!" Ginés tó ti ń sọ̀ kalẹ̀ pariwo lórí àkàsọ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀.

"Ó máa ń gbálẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà wá sínú? Àṣà wọn nìyẹn," Anselmo wí.

Ẹsẹ̀ Ginés yọ̀. Díẹ̀ ló kù kó já bọ́. Nísàlẹ̀, ojú Casilda ṣe mẹ́rin pẹ̀lú tiẹ̀.

"Ìyẹn… mi ò rí i," Úrsula wí. "Wọ́n máa ń tilẹ̀kùn."

Anselmo kọ ọ́. Òfin wọn ni pé ohun tí ẹlẹ́rìí bá sọ, wọ́n gbọ́dọ̀ kà á sí i létí kó tó tọwọ́ bọ̀ ọ́. Ó wúkọ́. "Èmi Úrsula Pacheco jẹ́rìí pé ilé tí èéfín kì í rú ní Sátidé ni ilé… Úrsula Pacheco."

"Ẹ ṣì í kà," Úrsula wí.

Anselmo wò ó. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló kọ ọ́. Ó fàlà sí i, ó tún un kọ, ó ń pè é sókè bó ṣe ń kọ ọ́, "Gi-nés Ro-ble-do," gbogbo ènìyàn ń gbọ́. Tàdáwà gbẹ. Ó kà á. "Úrsula Pacheco." Lẹ́ẹ̀kẹta, àwọn tó rọ̀gbà yí i ká rí i fúnra wọn: lẹ́tà ń rìn lójú ìwé bí èèrùn tó gbúròó òjò. Anselmo ju kálámù sílẹ̀ bíi pé ó ta á.

"Ẹ wòkè," alágbẹ̀dẹ wí.

Ọ̀pá èéfín Úrsula, tó ti ń rú láti àárọ̀, ò rú mọ́. Úrsula sáré wọlé. Wọ́n gbọ́ òkúta ìṣáná: ṣá, ṣá, ṣá. Wọ́n gbọ́ igbe. "Ó kọ̀! Iná kọ̀!"

Anselmo ti ń di ẹrù. "Mi ò wá síbí lónìí. Ẹ̀yin náà ò rí mi." Àmọ́ Ilé-ẹjọ́ kì í sun ìwé, Anselmo ò sì láyà láti fà á ya. Ìwé náà wọnú àpótí wọn. Wọ́n ní ó ṣì wà níbẹ̀, pé ẹnikẹ́ni tó bá ṣí i, orúkọ ara rẹ̀ ló máa bá lójú ìwé.

Ginés jó wọlé. "A ti bọ́! Casilda, a ti bọ́, ilé ti di tiwa!" Eérú ti dà láti ọ̀pá èéfín kúnlẹ̀. Ó mú ìgbálẹ̀ pẹ̀lú ayọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà, ó ń gbá a bọ̀ sínú. Ó dúró.

"Ta ló kọ́ ìyá ẹ?" Casilda bi í jẹ́jẹ́.

"Ìyá tirẹ̀."

Ìgbà náà ló rántí. Ẹ̀wà roboto náà, ilé ìyá ìyá rẹ̀ ló ti jẹ ẹ́, ní Sátidé, nígbà tó wà lọ́mọdé, tí wọ́n máa ń ní kó má sọ fún ẹnikẹ́ni níta. Iná ò bá a jà látọjọ́ yìí. Ṣe ló ń kí i káàbọ̀. Bó ṣe rò ó báyìí, ọwọ́ kan tí kò rí bà lé e lórí, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó rọra sọ̀ kalẹ̀ lójú rẹ̀ bí ìyá rẹ̀ ṣe máa ń súre fún un, láìṣe àmì àgbélébùú.

Casilda rí bí irun iwájú rẹ̀ ṣe tẹ́ lábẹ́ ohun tí kò sí níbẹ̀. Kristẹni àtijọ́ ni Casilda, láti ìran dé ìran, kò sí Júù kankan nínú wọn. Ó rìn lọ sójú fèrèsé. Akọ̀wé ò tíì yà ní kọ̀rọ̀ títì, ẹyọ ọ̀rọ̀ kan péré látẹnu rẹ̀ ti tó láti pè é padà.

Casilda ti fèrèsé pa. Ó padà wá, ó gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ Ginés.

"Gbé ẹsẹ̀," ó wí wúyẹ́wúyẹ́, ó sì ń gbá eérú náà bọ̀ wá sí àárín ilé.